Bí búrẹ́dì ẹlẹ́ja mi ṣe padà wú

Àwọn ọmọ mi kì í jẹ ẹja, búrẹ́dì ni tiwọn. Ni mo bá lọ ẹja àrọ̀ yíyan, mo pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, gíráàmù 200 sínú kílò 1. Háà! Búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ó le bí ọṣẹ, gbogbo ilé ń rùn. Àbíkẹ́yìn mi kàn gbóòórùn rẹ̀ ni: "Mọ́mì, ẹja ló wà níbẹ̀ yẹn o."

Ohun tó ń mú kí àlìkámà fà bíi rọ́bà, tó fi ń di afẹ́fẹ́ yíìsì mú, kò sí nínú ẹja. Tí ẹja bá ti pọ̀ jù, kò ní wú. Àrọ̀ sì lọ́ràá, òórùn ọ̀rá náà kì í lọ bọ̀rọ̀.

Pánlá ni mo wá lò, torí ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù, mo ṣa egungun kúrò, mo sá a títí ó fi ń dún kárakára lọ́wọ́, mo lọ̀ ọ́, mo sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Gíráàmù 50 péré sínú kílò 1. Mo fi atalẹ̀ sí i, mo bu omi díẹ̀ kún un (ẹja gbígbẹ máa ń mu omi), mo dín iyọ̀ kù.

Ó wú. Àbíkẹ́yìn jẹ ègé mẹ́ta, kò béèrè nǹkan kan.