Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ilé Oní-fúláàtì ní Ìlọrin, Kí Ẹ Gbé Ọ̀kan, Kí Ẹ sì Fi Ìyókù Gba Owó

Ẹni tó ń san owó ilé ní Tanke tàbí Òkè-Odò mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ọdún bá yí po tí onílé sì fi owó kún un. Dípò kí ẹni tó ti tọ́jú owó díẹ̀ máa kọ́ ilé ńlá tí òun nìkan yóò gbé, ó sàn kí ó ra ilé tó pín sí fúláàtì kéékèèké mẹ́rin, kí ó gbé ọ̀kan, kí ó sì fi mẹ́ta fún ayálégbé. Bí owó kò bá pé, ẹ kọ́kọ́ gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ kí ẹ tó lọ sí báńkì.

Ìwé ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara ògiri lọ. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọwọ́ olórí ẹbí nìkan kò tó. Àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, nítorí pé wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì fagi lé títà náà. Bí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fún ẹni tó ni ilẹ̀, bá wà, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ohun ìní náà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́yà tiyín ni kó yẹ ìwé wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn ìwé, omi ló kàn. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìlọrin, ọ̀pọ̀ kànga sì máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ lọ wo ilé náà, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ará ilé ti fami tán. Ẹ sọ garawa sínú kànga fúnra yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń ha ìsàlẹ̀, tó sì gòkè pẹ̀lú omi ẹrẹ̀ tí kò tó ìdajì, ẹ yọ owó bọ́ọ̀hóòlù kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, ayálégbé méjì sì ti kó jáde kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà iná tirẹ̀.

Ní ti ìṣirò, ká ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦250,000 wọlé lọ́dún, mẹ́ta yóò mú ₦750,000 wá. Ẹ má ṣe tíì ná an. Ẹ yọ ₦62,500 fún oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan lè fi ṣófo, ẹ tún yọ ₦100,000 fún àtúnṣe. ₦587,500 ló kù, yàtọ̀ sí owó ilé tí ẹ̀yin fúnra yín kò san mọ́. Ẹ má sì ṣe fi gbogbo fúláàtì náà fún akẹ́kọ̀ọ́, torí pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ.

Kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí ó sì sọ iye oṣù tí ẹ ó fi kìlọ̀ kí ayálégbé tó kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín ló gba fúláàtì náà.