Ẹ Yéé Da Lọ́fíńdà Lé Ìtọ̀ Ológbò Lórí

Àsìkò òjò ni wọ́n máa ń gbé e wá. Tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé sófà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lápá Tákíè, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, òórùn ìtọ̀ inú àga yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o." "Tún" yẹn ló máa ń dùn mí. Ó fi hàn pé wọ́n ti náwó sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti ná an lẹ́ẹ̀mejì, owó náà sì ti wọgbó.

Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń rán àga, tí mò ń tú u, tí mo sì ń fọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹni tí ológbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni mò ń bá wí. Ẹni yẹn mọ̀ pé kí òun wá aṣọ gbígbẹ, kí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí tí aṣọ á fi fa omi náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni mo wí o, ẹ má ra á. Bí ẹ bá ń ra á, ẹ ń tì í wọ inú ni. Ẹni tó ti ṣe gbogbo ẹ̀ títí tó sú u ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, òun náà ló bí gbogbo ìyókù: ẹ rò pé ara aṣọ àga ni òórùn wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń rí tí mo bá tú àga. Lórí aṣọ, àbàwọ́n náà lè má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo bá ṣí sípù, mo yọ fómù, ojú ibi kan náà ti fẹ̀ tó ọpọ́n ayò, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀kọ tó jóná. Mo yí i padà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò ìdọ̀họ tí a tẹ́ sábẹ́ fómù ti le gbagidi, àwọn pín-ìn tí a fi kàn án mọ́ pákó ti dógùn-ún, pákó pàápàá ti dúdú. Gbogbo èyí láti ara ohun tó jọ àtẹ́lẹwọ́ lókè! Ẹni tó wá fi kànìnkànìn nu òkè aṣọ, tó ní òun ti fọ àga, kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ibi tí ìtọ̀ bá rìn dé, ibẹ̀ ni oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Ẹ sì tún gbọ́dọ̀ mọ ìdí tó fi máa ń padà wá. Èròjà kan wà nínú ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní yúríà. Kòkòrò àìfojúrí ló máa ń jẹ ẹ́, tí ámóníà á fi jáde. Ámóníà yìí ló ń gún yín nímú. Tó bá gbẹ, ámóníà á bá atẹ́gùn lọ, ẹ ó rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n yúríìkì ásíìdì kù sínú fómù bí iyọ̀ wẹ́wẹ́, omi lásán kì í sì í fẹ́ yọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan gbẹ tó ń sán, ẹ ò ní gbọ́ òórùn kankan. Tí òjò bá ti dé, tí afẹ́fẹ́ tutù, iyọ̀ yẹn á fa ọ̀rinrin mọ́ra, òórùn á tún gbéra. Ti ológbò wá burú ju ti ajá lọ, nítorí ìtọ̀ rẹ̀ ki, ó sì ní èròjà tí súlúfọ̀ wà nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ ti akọ tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá.

Ìkejì: ọṣẹ dúdú, omi éérú àti kán-ún. Mo mọ̀ pé ọṣẹ dúdú dára fún ara, èmi náà fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń lé ámóníà jáde láti inú ìtọ̀ ni, ẹ ó rí i pé yàrá á tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà kì í kúrò nínú fómù tán. Ó máa ń kù síbẹ̀, á sì máa fa ìdọ̀tí mọ́ra.

Ìkẹta: omi gbígbóná tàbí áyọ́ọ̀nù. Ooru ń sè é mọ́ aṣọ ni. Ẹ fi omi tútù ṣe é.

Ìkẹrin ni lọ́fíńdà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ nínú mi.

Ìyá kan wà lápá Sábó, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an. Èmi ni mo rán àga pálọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ni, eku sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n bá gba ológbò kan wọlé. Ológbò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, eku lọ. Àfi bí ó ṣe sọ àga ẹlẹ́ni mẹ́ta di ilé ìtọ̀. Màmá ò pè mí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ra agolo ìfín-ín-lé tó ń ta sánsán, òórùn rẹ̀ ò tó wákàtí méjì tó fi pòórá. Wọ́n ra méjì sí i. Wọ́n ra tùràrí, wọ́n fín in. Ẹnì kan ní kí wọ́n sun èèpo ọsàn, wọ́n sun ún. Nígbà tó yá, wọ́n ra omi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀, èyí tó ń rùn bí òdòdó, wọ́n da odindi ike kan lé kúṣìn náà lórí.

Ìdí tí ara fi ń kán wọn ni pé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ọmọ wọn obìnrin ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Sátidé náà dé, òjò ń rọ̀, wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Àwọn àna wọlé, wọ́n jókòó. Ẹ sì mọ̀ bí ara èèyàn mẹ́ta ṣe máa ń gbóná lórí àga kan. Kò pẹ́ tí òórùn náà fi dìde, tòun ti tùràrí àti òdòdó, ó wá di ohun tí a ò lè fún lórúkọ. Bàbá ọkọ ìyàwó ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn rọra dìde ni, wọ́n ní àwọn á fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Títí ayẹyẹ fi parí, wọn ò padà jókòó síbẹ̀. Nígbà tí Màmá ń sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rò pé ó ti tán ni. Èmi ò gbọ́ òórùn kankan."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò gbọ́ ọ. Imú ẹni tó ń gbé inú ilé máa ń mọ́ òórùn ilé rẹ̀ lára. Àlejò ló máa ń gbọ́ ọ. Ológbò náà ń gbọ́ ọ, nítorí imú tirẹ̀ mú jìnnà sí tiwa, lọ́fíńdà ò lè tàn án jẹ; ó ṣì ń gbọ́ ìtọ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń padà síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ṣáláńgá. Nígbà tí mo tú àga yẹn, omi ìmúṣọrọ̀ ti bo inú fómù bí ìgbà tí wọ́n da òróró sí i, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ohun tí mo dà sí i tó wọlé. Mo gé fómù náà dànù. Owó tí Màmá ti ná sórí nǹkan olóòórùn dídùn wọ̀nyẹn ju owó fómù tuntun fún ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo bá wọn ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Nítorí náà, tí mo bá rí i tí wọ́n ń polówó ìfín fún ẹni tí ológbò ń tọ̀ sí àga, inú mi kì í dùn. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Káńfọ̀ tún wà. Àwọn kan máa ń kó o sábẹ́ tìmùtìmù kí ológbò má baà wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú ẹ̀yà Yorùbá wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Òórùn káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa tú, ojú jòjòló á pọ́n bí ìyeyè, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ ò mọ ọmọ àlejò tí wọ́n máa tẹ́ sórí àga yín lọ́la.

Izal náà ńkọ́? Èròjà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ológbò. Á tẹ̀ ẹ́, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè borí rẹ̀ bíi tiwa.

Bílíìsì ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ dáadáa, yálà Hypo lẹ ń pè é tàbí Jik. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo da bílíìsì sórí fómù kan tó rin fún ìtọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò. Bílíìsì àti ámóníà tí wọ́n bá pàdé, gáàsì olóró ló ń jáde. Ojú mi ta, àyà mi há, mo jáde síta pẹ̀lú ikọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi lè mí dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún 14 péré ni. Títí dòní, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ. Ẹ má da bílíìsì sórí ìtọ̀, ẹ má sì dà á sórí fómù rárá.

Fínígà àti béékìn sódà pọ̀: wọ́n á hó, wọ́n á pa agbára ara wọn, ó parí. Fínígà nìkan máa ń bá ámóníà jà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe yúríìkì ásíìdì ní nǹkan kan. Háídírójìn pẹrọ́ksáìdì tí wọ́n fi ń fọ egbò máa ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ ó lè bó àwọ̀ aṣọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ àga.

Ohun tó ń jẹ iyọ̀ yẹn gan-an ni omi ẹ́ńsáìmù, èyí tí àwọn tó ń ta oògùn ẹranko máa ń tà. Níbí náà ni owó ti ń ṣòfò. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan tó ń gbé ní Under G, tó ní ọmọ ajá Lhasa, gbé ike rẹ̀ wá bá mi tìbínú-tìbínú, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Mo bi í pé báwo ló ṣe lò ó. Ó ní òun fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun sì nù ún. Mo ní, "Àbúrò, ṣé báyìí ni ajá ṣe tọ̀ ọ́? Ṣé ó fín in ni?" A ṣí sípù. A fi omi tútù fọ ohun tó ti dà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. A da ààbọ̀ ike tó kù sí i títí tó fi kan ìsàlẹ̀ fómù, a fi nylon wé e kó má baà gbẹ, nítorí tí ẹ́ńsáìmù bá ti gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Wákàtí 24 ló lò nínú nylon. Òórùn náà kọ́kọ́ le sí i, ọmọ náà fẹ́ gbé e jù; mo ní kó fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbé fómù lé búlọ́ọ̀kù, tí atẹ́gùn fẹ́ẹ̀nù ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ike kan náà tó pè ní ayédèrú ló ṣe é. Ẹ má sì kánjú ran àga tó ṣì rin, fómù á bu, ẹ ó wá ní òórùn méjì.

Tí ẹ ò bá mọ gbogbo ibi tó tọ̀ sí, ẹ yá tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń dán owó náírà wò. Ẹ pa iná lálẹ́, ẹ tan án sí àga, ìtọ̀ gbígbẹ á máa tàn. Ẹ ó rí ibi tí ẹ ò rò. Tó bá ti ju ọdún kan lọ tó ti ń tọ̀ sójú kan, ẹ pààrọ̀ fómù, ẹ fi sáńdípépà ha pákó, kí ẹ sì kun ún ní fáníìṣì kí ẹ tó bo aṣọ padà.

Ẹ tún wo ẹranko náà fúnra rẹ̀. Oníbàárà mi kan gbé àga kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù márùn-ún. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo bi wọ́n léèrè bí ológbò náà ṣe ń tọ̀. Wọ́n ní ó máa ń lóṣòó pẹ́, á máa ké, ìtọ̀ á sì kán tó, tó. Mo ní kí wọ́n gbé àga sílẹ̀, kí wọ́n gbé ológbò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí tí ojú ìtọ̀ akọ ológbò bá dí, kò ní pẹ́ kú. Wọ́n bá a débẹ̀ lásìkò. Dókítà tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì gbé páànù yanrìn méjì tí á máa tọ̀ sí fún un nílé. Mo lọ kí wọn ní oṣù tó kọjá. Àga náà wà ní pálọ̀, ológbò náà ká jọ sórí rẹ̀, ó ń sùn.