Bí A Ṣe Ń Jà Kí Ọkọ̀ Ojú Omi Àtijọ́ Má Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́
Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ wọ ọkọ̀ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì ka èrò inú rẹ̀, nítorí owó àtúnṣe ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń fi ṣe àwáwí, iye èrò ni ẹ ó sì fi dá wọn lóhùn. Ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n kàn fún ọ̀nà omi tó lọ sí àdúgbò Manly láàárín 1982 sí 1988 lè gbé nǹkan bí èrò 1,100. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó ṣáájú nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ “fún ìgbà díẹ̀” láìdá ọjọ́ ìpadà; ẹ má gbà, torí bó bá ti dúró nínú omi iyọ̀, ìpẹtà yóò máa jẹ ẹ́, owó àtúnṣe yóò sì máa lé sí i.