Orúnkún tó ń dunni lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó

Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti yọ iṣan lẹ́yìn itan mi, tí wọ́n fi rọ́pò ACL, okùn iṣan tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, èyí tó já nínú orúnkún mi ọ̀tún. Ó ṣì máa ń dùn mí. Àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí máa ń bi mí léèrè ohun tí àwọn lè rà, ohun tí wọ́n sì ti rà kí wọ́n tó bi mí ló ń bí mi nínú.

1. Ẹ má rò pé bó bá ti ń dunni, iṣan tuntun ti já nìyẹn. Orúnkún tí iṣan rẹ̀ já sábà máa ń yẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yí. Ìrora lásán lè wá láti ara meniscus (ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun itan àti eegun ojúgun) tó ya, láti ẹ̀yìn eegun ojú orúnkún, tàbí láti ara làkúrègbé tó ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣan iwájú orúnkún ni wọ́n lò, kíkúnlẹ̀ lè máa dun èèyàn fún ọdún púpọ̀.

2. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dín wíwú kù, léraléra. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017, àwọn onílàkúrègbé orúnkún tó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 12-12 fún ọdún méjì pàdánù ohun rírọ̀ tó bo eegun ju àwọn tó gba omi iyọ̀ lọ, ìrora wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

3. Jíjẹ ibuprofen lójoojúmọ́ láìbi dókítà lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

4. Ìdè orúnkún. Ibí gan-an ló ká mi lára. Ní ọdún kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, sísọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn di ìyà fún mi. Mo ra ìdè mẹ́ta, mo ra ìpara mẹ́rin, mo sì sanwó àwòrán MRI lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán ní iṣan tuntun wà digbí. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n jókòó, kí n fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ẹ̀rọ tó ń wọn agbára. Agbára ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti òsì lọ. Itan mi ti ń joro, orúnkún ni mo ń wò.

Bí orúnkún bá farapa tó sì wú, ọpọlọ kì í lè pe iṣan iwájú itan sí iṣẹ́ tán mọ́. Iṣan náà á rọ, á sì fọn. Rírìn lásán kì í dá a padà, torí a máa ń fi ẹsẹ̀ kejì gbé ara láìmọ̀. Ìdè lè fini lọ́kàn balẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, n kò ní kí ẹ jù ú nù, àmọ́ kò lè sọ itan di líle. Ẹrù ló ń ṣe ìyẹn: ìjókòó-dìde, fífi ẹsẹ̀ ti ẹrù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹrù máa wúwo sí i fún oṣù púpọ̀. Oṣù mẹ́fà ló gbà mí kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀ láìdi nǹkan mú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ní kò ṣiṣẹ́, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi àsinjù náà wà níbẹ̀. Ẹ ó jókòó lọ́sẹ̀ méjì, ara á tù yín, ẹ ó wá sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún á wú, ẹ ó tún jókòó. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lèmi máa ń wò. Bí ìrora àti wíwú bá ti padà sí bó ṣe máa ń wà láàárín wákàtí 24, ẹrù àná kò pọ̀ jù. Bí kò bá padà, mo máa ń dín in kù, n kì í pa á tì.

Ẹni tó sanra, kílò kan tó bá dín kù lára rẹ̀, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Orúnkún tí kò nà tán, tàbí tó ń há, ẹ gbé e padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ. Àpá lè dì síwájú iṣan tuntun kó sì dí i lọ́nà, eré ìmárale kò sì lè tú u. Èyí tó bá gbóná, tó wú, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ tó tún ra nǹkan kan, ẹ jókòó sórí àga, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dìde, kí ẹ tún jókòó, títí yóò fi rẹ̀ yín. Ẹ ka iye rẹ̀. Ẹ ṣe ti ẹsẹ̀ kejì. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá físíò yín, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú èèyàn.