Bí mo ṣe rí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Láti Tákíé dé Sábó, oníparaga wà, ọtí inú ọ̀rá wà lórí igbá ẹni tó ń ta súìtì. Ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀ ni kò ní pátákó.

Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá Alcoholics Anonymous lórí Google, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Ẹgbẹ́ náà ti pẹ́: ọdún 1935 ni ọkùnrin méjì dá a sílẹ̀ nílùú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson tó ń bá wọn ra ṣíà tà, àti Bob Smith tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀mùtí paraku ni àwọn méjèèjì. Ohun tó wù mí nínú òfin wọn ni pé wọn kì í gbowó ìwọlé. Kó ṣáà ti máa wù ọ́ láti má mutí mọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n Èkó àti Àbújá ni mo ń rí ṣáá, ta ló fẹ́ wọkọ̀ lọ sÉkòó torí ìjókòó wákàtí kan?

Mo lọ bá pásítọ̀ wa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ mo tún ń wá ẹni tó mọ bó ṣe ń rí tí ọwọ́ èèyàn bá ń gbọ̀n láàárọ̀, tí kò lè di kọ́ọ̀bù tíì mú àfi tó bá kọ́kọ́ da ṣọ́ọ̀tì kan sọ́nà ọ̀fun.

Ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn ló gbé mi dé ọsibítù. Bí mo ṣe sọ ọ́, dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dédé dá a dúró lójijì o." Ó ní ara tí ọtí ojoojúmọ́ ti mọ́ lára láti ọjọ́ pípẹ́, téèyàn bá já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú onítọ̀hún láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Àwọn kan a máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n a máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè mú ẹ̀mí lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn àti fítámì B1, wọ́n ní kí n máa wá kí wọ́n máa wò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń mu lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá ná.

Ibẹ̀ náà lọ̀nà ti là. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ọpọlọ (ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka yẹn lé yín sá), òun ló mọ ìpàdé tó ń lọ. Ó kọ́kọ́ pè wọ́n gbàṣẹ kó tó fún mi ní nọ́ńbà.

Àgbàlagbà ọkùnrin ló gbé e. A kíra wa tán, ó bi mí: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, àbí ìyàwó ẹ ló fẹ́ kó o fi í sílẹ̀?" Mo ní àwa méjèèjì ni, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú ìdajì tèmi wá. Èmi náà béèrè tèmi. Èló ni? Ọ̀fẹ́. Èdè wo? Yorùbá. Ṣé ẹ ń de èèyàn mọ́lẹ̀? Ohùn rẹ̀ yí díẹ̀ síyẹn, ó ní rárá o, ẹni tó bá fẹ́ dìde lọ, kó máa lọ. Kò dùn mí pé mo bi í. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wo ọ̀mùtí.

Ojú ayé ló kù. Mo rò ó pé kí n kúkú máa lọ sÍbàdàn níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí. Àmọ́ òùngbẹ ọtí ò ní dúró kí mọ́tò kún ní gáréèjì, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìpàdé tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ló wúlò fún mi, kódà bí mo bá bá ojúlùmọ̀ níbẹ̀.

Mo sì bá a lóòótọ́. Kíláàsì ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò nírọ̀lẹ́, ìṣirò àwọn ọmọ ṣì wà lójú pátákó, bẹ́ǹṣì kéré débi pé orúnkún wa fẹ́ kan àyà. Ìyá tí ìyàwó mi ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn ló jókòó sẹ́yìn! Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o," wọ́n sún fún mi. (Èlùbọ́ kọ́ ni wọ́n ń tà. Ohun tá a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sílẹ̀, nítorí náà mo yí ọjà wọn padà.) Orúkọ kan ṣoṣo lèèyàn ń dá, kò sẹ́ni tó fipá mú mi sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Láwọn ọjọ́ tí kò sí ìpàdé, mo ń wọ ti orí Zoom. Ó ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n owó tí paraga ń jẹ tẹ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìyàwó mi náà rí tiẹ̀: Al-Anon, tó wà fún ará ilé ọ̀mùtí láti ọdún 1951. Yàrá ló ti ń gbọ́ ọ. Tó bá jáde, mi ò kí ń bi í pé kí ni wọ́n sọ.