Bí a ṣe ń ṣe ISO tí yóò fi Proxmox sórí server láìbéèrè

Ìkòròdú níhìn-ín ni ilé-iṣẹ́ iná Egbin wà, ní Ijede, tí agbára rẹ̀ tó megawatt 1,320. Síbẹ̀ a ń gbé etí odò, a ń fi itọ́ ṣanwọ́: iná lè lọ nígbàkigbà. Ẹni tó bá jókòó ti server mẹ́ta, tó ń dáhùn ìbéèrè tí Proxmox ń béèrè nígbà tí a bá ń fi í sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná lè lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé ìkejì. Èmi kọ ìdáhùn sínú ISO, ìyẹn fáìlì tí a ń kọ sórí fláàṣì láti fi tan server, kí server máa dá ara rẹ̀ lóhùn.

Proxmox VE ni mo ń lò. Ilé-iṣẹ́ kan ní Vienna, ní Austria, ló ṣe é. Orí Debian, ẹ̀yà Linux kan, ló dúró lé, a kì í sì í san owó ká tó lò ó. Ẹ fi wé ilé alájọgbé: server ni ilé, Proxmox ni onílé, àwọn kọ̀ǹpútà aláìlára (virtual machine) tó ń gbé inú rẹ̀ ni ayálégbé, kálukú pẹ̀lú yàrá tirẹ̀. Láti ẹ̀yà 8.2, tó jáde ní 2024, ni ISO rẹ̀ ti lè dá iṣẹ́ ṣe.

Ẹ gba ISO sílẹ̀ láti ojúlé wọn. Ó ju gígábáìtì kan lọ, nítorí náà ẹ wá dátà tó tó. Ẹ yẹ SHA256 rẹ̀ wò, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé fáìlì náà pé, kò sì bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe é; ẹ ṣáà ṣe é.

Lórí ẹ̀rọ tó ti ní Proxmox, tàbí Debian tí ẹ ti fi ibi ìpamọ́ Proxmox kún apt rẹ̀, ẹ tẹ:

apt install proxmox-auto-install-assistant xorriso

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ fáìlì answer.toml:

[global]
keyboard = "en-us"
country = "ng"
fqdn = "sabo1.ile.lan"
mailto = "emi@ile.lan"
timezone = "Africa/Lagos"
root-password-hashed = "…"

[network]
source = "from-dhcp"

[disk-setup]
filesystem = "ext4"
filter.ID_SERIAL = "…"

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbangba, torí ẹnikẹ́ni tó bá rí ISO náà lè kà á. Ẹ fi mkpasswd lọ̀ ọ́ kúnná, kó di àmì tí ojú kò lè kà, kí ẹ tó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. ISO yìí kì í béèrè kó tó pa dísìkì rẹ́. Nígbà kan mo kọ disk-list = ["sda"], mo rò pé sda ni dísìkì tó ṣófo. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kì í dúró sójú kan. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ dísìkì mìíràn bí ẹ̀rọ bá tún tàn. Ìwé gbèsè ọdún mẹ́ta oníbàárà mi kan ní Odogunyan ni mo fi pa rẹ́. Màmá náà kò pariwo. Ó kàn ń wò mí ni. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà ara dísìkì ni mo ń lò. Ẹ fi Debian orí fláàṣì tan server, kí ẹ wá tẹ:

udevadm info --query=property --name=/dev/sda

Ẹ ó rí ID_SERIAL, nọ́ńbà ara dísìkì náà, níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí.

Ó kù kí ẹ yẹ fáìlì wò, kí ẹ sì pò ó pọ̀ mọ́ ISO:

proxmox-auto-install-assistant validate-answer answer.toml

proxmox-auto-install-assistant prepare-iso proxmox-ve_8.4-1.iso --fetch-from iso --answer-file answer.toml --output sabo1.iso

Server mẹ́ta ń fẹ́ orúkọ mẹ́ta, nítorí náà ẹ ṣe ISO mẹ́ta. Bí ìyẹn bá sú yín, ẹ fi "partition" rọ́pò "iso" tó tẹ̀lé --fetch-from, ẹ yọ --answer-file kúrò, kí ẹ sì fi answer.toml ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí fláàṣì kékeré tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ PROXMOX-AIS.

Kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ẹ fi ISO náà tan ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé orí Proxmox yín. Dísìkì ibẹ̀ kò ní nọ́ńbà tí ẹ kọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Bó bá fi ara rẹ̀ sórí rẹ̀, ẹ padà sídìí answer.toml.

Ẹ fi dd kọ ọ́ sórí fláàṣì, kí ẹ sì wo lẹ́tà dísìkì, X inú sdX, lẹ́ẹ̀mejì:

dd bs=1M conv=fdatasync if=sabo1.iso of=/dev/sdX

Ẹ yọ dísìkì tó ní ẹrù kúrò lára server, ẹ so server náà mọ́ ínfátà, kí ẹ sì fi fláàṣì tàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni yóò bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá parí, ẹ ṣí https, àdírẹ́sì IP rẹ̀, pọ́ọ̀tù 8006, lójú ẹ̀rọ mìíràn.

Mo fi ìpara èékánná pupa kun fláàṣì tèmi, kí ọmọ ilé má baà mú un lọ fi gba orin.