Pọ́ńpù omi ló ń mú kí iná ilé wa ṣẹ́jú

Ó lé lóṣù méjì tí iná ilé wa ní Ìkòròdú fi ń ṣẹ́jú. Bí pọ́ńpù kànga bá ti gbéra báyìí, gbogbo gílóòbù a ṣókùnkùn, fáànù a sì lọ́ra. Mo pààrọ̀ gílóòbù, mo ra stabilizer, pàbó ni.

Oníná àdúgbò ló fi clamp meter, ẹ̀rọ tó ń wọn bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó, wọn wáyà pọ́ńpù: ampere 7, bẹ́ẹ̀ 5 ni wọ́n kọ sára pọ́ńpù náà. Ó ṣàlàyé pé mọ́tò inú pọ́ńpù máa ń yá agbára kan fún òòfà inú rẹ̀, á sì dá a padà. Agbára yìí kì í fa omi, síbẹ̀ ó ń gba inú wáyà kọjá. Kàpásítọ̀, èròjà kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀ tó sì ń dá a padà, ló ń dín in kù, tiwa sì ti rẹ̀: 20 microfarad (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) ni wọ́n kọ sí i, 11 péré ló kù.

Ó pa iná ní mítà, ó tú iná tó ṣẹ́kù nínú kàpásítọ̀ náà dànù, torí ó lè gbé èèyàn, ó wá fi tuntun sí i: 20 náà, 450V. Ampere wálẹ̀ sí 5, gílóòbù ò ṣẹ́jú mọ́. Ọpẹ́ ni o! Bó bá jẹ́ iná àdúgbò yín fúnra rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, èyí lè má ràn yín lọ́wọ́.